Òpó Ọlọ́wẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Fọ́tò Yíyà ní Ìkẹ́rẹ́

Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ àwọn òpó kan fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ó fi ọba hàn lórí ìtẹ́, tí olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ti wà ní Art Institute of Chicago láti 1984. Fọ́tò tí William Fagg yà ní 1959 ni a fi ń mọ bí ó ṣe dúró nínú àgbàlá.

Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ ní fọ́tò yíyà ti bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, kí ó ya àgbàlá látòkè délẹ̀, kí ó tó sún mọ́ ère. Ojú ère nìkan ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń yà (ẹwà ni ó ń fà wọ́n), bẹ́ẹ̀ ni ère tí ó ti kúrò nílé kò lè júwe àyè rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.