ÒṢÙṢÙ ỌWỌ̀ LÁRA ÒGIRI: ÌTÀN OHUN TÍ Ń DI Ọ̀DÀ ILÉ MÚ

Ẹni tí agbádá rẹ̀ bá ti fara kan ògiri tí a fi ẹfun kùn rí ti mọ ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọ̀ kì í dá dúró lára ògiri. Kí ni ó ń dì í mú?

Ní ilẹ̀ Òyìnbó àtijọ́, ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Àwọn akunlé kan ń po ẹfun mọ́ àtè tí a sè láti ara awọ ẹran. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, ó ń ṣí. Àwọn mìíràn ń lo òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ òróró yìí di líle, ó sì ṣeé fọ̀. Ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ, òórùn tọ́pẹ́ńtáìnì tí a fi ń mú un ṣàn sì ń lé onílé síta.

Ogun ni ó yí ọ̀ràn padà. Ní ọdún 1942, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Jàpáánì tẹ àwọn ilẹ̀ Éṣíà tí rọ́bà ti ń wá. Ìjọba Amẹ́ríkà bá fi owó rẹ̀ kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi styrene àti butadiene ṣe rọ́bà àtọwọ́dá, nínú omi tí ó funfun bí wàrà. Nígbà tí ogun parí ní 1945, a bẹ̀rẹ̀ sí wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Ní 1948, ilé iṣẹ́ Glidden ní ìlú Cleveland gbé Spred Satin jáde, ọ̀dà olómi fún inú ilé. Ní 1953, Rohm and Haas ti Philadelphia mú èyí tí a fi acrylic ṣe wá.

Báwo ni wàrà yìí ṣe ń di awọ? Inú rẹ̀ kún fún horo pólímà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá 1 nínú 1,000 mìlímítà kan. Bí omi bá ti gbẹ, horo á fara kan horo, wọn á sì yọ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n wàhálà wà níbẹ̀. Horo tí ó rọ̀ a máa tètè yọ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Horo tí ó le kò ní yọ́ mọ́ra àfi bí a bá fi èròjà kan rọ̀ ọ́, èròjà náà a sì máa fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ tí onílé ń mí. Ṣé ògiri ni kí a gbà là ni, tàbí èémí ọmọ?

Ẹ̀yọ́ igi ọwọ̀ kan kò lè gbálẹ̀. Òṣùṣù ni ó ń gbálẹ̀, okùn ni ó sì ń sọ ọ́ di òṣùṣù. Ní 1839, Charles Goodyear ti fi imí-ọjọ́ àti iná di fọ́nrán rọ́bà mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dáná sí ògiri yàrá? Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wá fi ìkọ́ kéékèèké sára pólímà tí ó rọ̀, wọ́n sì fi dihydrazide, tí í ṣe okùn, sínú omi rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi àti amóníà bá wà nínú agolo, ìdè náà kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí a bá ti kùn ún tán tí àwọn méjèèjì fẹ́ lọ, okùn á mú ìkọ́, láìsí iná.

Àkókò ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀. Bí okùn bá dì nínú agolo, ọ̀dà ti bàjẹ́. Bí ó bá dì kí horo tó yọ́ mọ́ra, awọ náà kò ní lágbára. A ní láti kọ́kọ́ kó ọwọ̀ jọ, kí a tó dì í. Nígbà náà ni a lè fọ èéfín ilé ìdáná kúrò lára ògiri, tí òórùn ọ̀dà kò sì ní lé ọmọ kúrò lórí ibùsùn rẹ̀.