Èédú Akẹ̀sán àti Èdè Ìkọ́ni

Èédú kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá ń ná Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Àwọn tí ń sun ún mọ̀ pé bí a bá to igi jọ, tí a fi ewé àti erùpẹ̀ bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọ̀ ọ́, igi náà kò ní jóná di eérú. Omi àti èéfín ni yóò bá tirẹ̀ lọ, èédú yóò sì kù. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú èédú yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní kábọ́ọ̀nù. Yorùbá ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì wọ́n mi.

Irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán wò láti 1970. Ọdún 6 ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n kíláàsì kẹfà ni ètò náà mọ. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni kẹ́mísírì sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n sì wọ́gi lé e ní 2025. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC àti NECO. Lójú tèmi, wọn kò dá ẹjọ́ náà ire: Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò méjèèjì.