Òkun Àtìláńtíìkì àti Ọ̀dá Ilẹ̀ Sàhẹ́lì

Ní nǹkan bí ọdún 1968 ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀wọ́n ní Sàhẹ́lì, ẹkùn gbígbẹ tí ó nà láti Sẹ̀nẹ̀gà kọjá Chad, tí ó sì kan òkè Nàìjíríà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1973, màlúù ti kú lọ bẹẹrẹ, àwọn darandaran sì ń rọ́ wọ ìlú pẹ̀lú aya àti ọmọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1974, àwọn ológun gba ìjọba Niger lọ́wọ́ Ààrẹ Hamani Diori. Ọ̀ràn oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án.

Ta ni ó jẹ̀bi ọ̀dá náà? Ní ọdún 1975, Jule Charney, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé bí ẹran bá jẹ koríko tán, ilẹ̀ a funfun, a sì máa da ìtànṣán oòrùn padà sókè, òjò a sì dín kù. Kíá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi ru darandaran. Ìdájọ́ náà yá jù.

Ní ọdún 1986, Folland, Palmer àti Parker fi hàn pé òjò Sàhẹ́lì ń tẹ̀ lé bí omi òkun ti gbóná tàbí tutù sí. Bí Àtìláńtíìkì ti àríwá bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin a gbé òjò gòkè dé Kano àti Agadez. Bí ó bá tutù, tí ti gúúsù sì gbóná, òjò a fà sẹ́yìn sí ìhà etí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọdún 1984, ọ̀kan nínú àwọn ọdún tí ó gbẹ jù ní ọ̀rúndún náà. Adágún Chad, tí ó fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú-lóròó ní ọdún 1963, kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà omi tí ìjọba ti gbẹ́ ní Borno fún oko àlìkámà wá ń wo iyanrìn.

Ní ọdún 2003, Giannini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kìkì ooru òkun láti 1930 dé 2000 sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀dá náà sì jáde. Ilẹ̀ tí ó ti hó a máa fi kún ìyà náà, ṣùgbọ́n òkun ni ó dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ amòye tilẹ̀ gbà pé èéfín ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí ń bo ojú oòrùn, wà lára ohun tí ó mú Àtìláńtíìkì ti àríwá tutù. Ta ni darandaran Agadez ìbá sì pè lẹ́jọ́? Láti àwọn ọdún 1990 ni òjò ti padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n adágún náà kò tíì fẹ̀ tó ti 1963.