Di Kílọ́ọ̀ṣì Mú, Kí Kílọ́ọ̀ṣì Lè Jáwọ́

Nọ́ọ̀tì kan wà nínú kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ alùpùpù tí kò ní igun kankan. Róbótó ló rí, wọ́n sì gé ẹnu mẹ́rin sí i létí. Sípánà tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì yòókù kò ní ríbi dì mú lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe irinṣẹ́ kan tó jẹ́ ti nọ́ọ̀tì yìí nìkan, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọkọ̀ láti Ṣakí dé ọjà Gate n'Íbàdàn nítorí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo?

Mẹkáníìkì á kúkú rọ tirẹ̀. Á wá àjákù páìpù onírin tí ẹnu rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú nọ́ọ̀tì náà. Á fi gírísì kun ojú nọ́ọ̀tì, á tẹ bébà mọ́ ọn, àpá ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì hàn. Á lẹ bébà yẹn mọ́ páìpù, á fi ayùn irin gé ibi tí kò gbọdọ̀ kù, á wá máa fi fáìlì ha á díẹ̀díẹ̀ títí eyín mẹ́rin á fi yọ. Wẹ́dà á bá a jó nọ́ọ̀tì ńlá kan mọ́ ìdí páìpù náà kí sípánà lè ríbi mú. Àwọn mìíràn kì í lo páìpù, nítorí irin rẹ̀ rọ̀, eyín rẹ̀ a sì máa tẹ̀. Àlòkù sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ le ju ohun tí ayùn lè gé lọ, àfi kí wọ́n gbé e sẹ́nu gíráńdà. Ẹni tí kò ní sùúrù á mú irin ṣóńṣó àti òòlù, á máa gbá nọ́ọ̀tì létí kó lè yí. Á yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á ya, èérún irin á sì já sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Kí ni ká wá pe irinṣẹ́ tí wọ́n fi sùúrù rọ yìí?

Àwọn irinṣẹ́ tí a rà lọ́jà bá orúkọ wọn wá: sípánà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, fáìlì. Ahọ́n Yorùbá ti lọ̀ wọ́n kúnná, n kò sì bá wọn jà. Èyí tí a rọ níbí ni kò bá orúkọ kankan wá. Ọ̀gá á ní, "Gbé nǹkan yẹn wá," ọmọṣẹ́ á ní, "Èwo, ọ̀gá?" ọ̀gá á na ìka sí i.

Wíwá orúkọ fún nǹkan tuntun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ti sáyẹ́ǹsì náà mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tuntun di dandan. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tó dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni, mo ṣì ń jẹ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí ni pé Gẹ̀ẹ́sì á wà lápá kan, Yorùbá á wà lápá kejì. Irinṣẹ́ eléyín mẹ́rin tí mẹkáníìkì fọwọ́ ara rẹ̀ rọ yìí kò bá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kankan wá tí a lè túmọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, ara rẹ̀ ni yóò wò. Kọ́kọ́rọ́ ni mo pè é, nítorí Yorùbá ti ka eyín sẹ́nu kọ́kọ́rọ́ tipẹ́. Kọ́kọ́rọ́ eléyín mẹ́rin. Bí ọwọ́ bá dí, "eléyín" ti tó.

Kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ló dà mí láàmú jù. Gẹ̀ẹ́sì wo nǹkan náà, ó rí ohun tó ń di nǹkan mú gírígírí, ó pè é ní clutch. Jámánì wò ó, ó rí ohun tó ń so nǹkan méjì pọ̀, ó pè é ní Kupplung. Mo kọ́kọ́ rò pé "ìdìmú" ló yẹ kí àwa náà pè é. Àfi ìgbà tí mo gbìyànjú àtifi ṣàlàyé fún ẹni tó ń kọ́ ọ̀kadà. Ohun tí a máa ń wí ni "di kílọ́ọ̀ṣì mú", kó tó yí jíà. Bí ọwọ́ òsì bá sì ti dì í mú lókè, àwọn àwo tó wà nínú á tú ara wọn sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí lásán, táyà kò ní mọ̀. Ìgbà tí a bá ní "fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀" gan-an ni súpíríǹgì á tẹ àwọn àwo pọ̀, tí wọ́n á dìmọ́ra. Ẹ wá wo ohun tí mo fẹ́ kọ: di ìdìmú mú kí ìdìmú má baà dì mú. Mo fi bíírò gé e.

"Ìjáwọ́" ni mo mú dípò. Ohun tí ọwọ́ awakọ̀ ń bẹ ẹ́ńjìnnì nìyẹn: jáwọ́ lára táyà, kí n yí jíà. Mo mọ̀ pé kò ní lé kílọ́ọ̀ṣì kúrò lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Ìṣẹ́yìn. Ṣùgbọ́n gba ẹnubodè Ṣakí kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn níléèwé, embrayage sì ni Faransé pe nǹkan kan náà. Ọmọ Yorùbá méjì, ẹ̀rọ kan, àyálò méjì. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé nídìí alùpùpù kan ni ìjáwọ́ lè wúlò.

Àwọn àwo inú ìjáwọ́ kò ṣòro sọ lórúkọ. Oríṣi méjì ni wọ́n, wọ́n tò wọ́n ní ọ̀kan bọ ọ̀kan: ọ̀kan ṣákaṣàka, etí rẹ̀ ta síta, ó kọ́ mọ́ ara agbọ̀n tó gbé gbogbo wọn, ìkejì jẹ́ irin dídán, eyín rẹ̀ kọjú sínú. Àwọn méjèèjì ń ha ara wọn bí ọlọ, ọlọ sì ní ìyá, ó ní ọmọ. Èyí tó wà lóde ni ìyá àwo, èyí tó wà nínú ni ọmọ àwo. Bí wọ́n bá jó, wọn kì í jù wọ́n nù. Mẹkáníìkì tó bá gbọ́n á mú ìyá àwo kan àti ọmọ àwo kan tó ti kú, á ní kí wẹ́dà jó wọn pọ̀, kó sì jó irin gbọọrọ mọ́ wọn lára bí ìwo. Bó bá ti ki èyí bọ inú agbọ̀n, ìta kò lè yí kí inú má yí. Ọwọ́ kan di ìwo mú, ọwọ́ kejì fi eléyín tú nọ́ọ̀tì. Adìwomú ni mo sọ ọ́, ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń di àgbò mú níwo á mọ ìdí.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ la ní láti ṣẹ̀dá. Ilẹ̀ ẹlẹ́ṣin ni Òkè-Ògùn àti àyíká Ọ̀yọ́-Ilé kó tó di ti ọlọ́kadà. Ìjánu wà nílẹ̀ fún bíréèkì. Àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn náà ti ní ìtẹ̀sẹ̀ nídìí òfì. N kò rí ìdí tí ẹsẹ̀ òsì tó ń tẹ jíà kò fi ní yá a lò.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù kò tilẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́. Ẹni tí kò ní adìwomú á ki nǹkan kan sáàárín eyín jíà méjì kí wọ́n má baà yí. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ ju jíà lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eyín á kán. Kọ́bọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní 1973, nígbà tí náírà dé, idẹ ni, ì bá ṣe é dáadáa. Ta ló tún rí i lónìí? Bí ẹran bá há wa léyín, ìtayín la fi ń yọ ọ́. Èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi há jíà léyín, ẹ jẹ́ ká pè é ní ìháyín, kí ọmọṣẹ́ sì yọ ọ́ kó tó dé kọ́fà padà.