Ohun tí Irin Fín sí Ara Wúrà: Aago Ọwọ́ Àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn

Ohun kékeré kan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí, èyíinì ni aago ọwọ́ wúrà àtijọ́ tí a fi ọwọ́ fín ọnà tàbí ọ̀rọ̀ sí lára. Àwọn tí ń kó irú aago bẹ́ẹ̀ jọ ń ná owó gọbọi lé e lórí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni pé, kí ni wọ́n ń rà gan-an? Ṣé wúrà náà ni, ṣé ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni, àbí ohun tí ọwọ́ ènìyàn kọ sí i? Èrò tèmi ni pé ohun kẹta yìí ni ó wúlò jù fún òpìtàn, òun náà sì ni ọjà ń pa rẹ́.

Ìlú Geneva ní ilẹ̀ Swítsàlandì ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí John Calvin padà sí ìlú náà ní 1541, àwọn aláṣẹ gbógun ti ọ̀ṣọ́ ara. Ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka kò tà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó kọ ohun tí a fi ń mọ wákàtí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe yíjú sí iṣẹ́ aago, èyí tí àwọn tí wọ́n sá fún inúnibíni ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Faransé mú gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní 1601 àwọn aláago náà ti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Bí iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i, ó pín sí ẹ̀ka, tí ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ fi yàtọ̀ sí ẹni tí ń fín ọnà. Jean-Jacques Rousseau, ògbóǹtarìgì onímọ̀ nì, jẹ́ ọmọ aláago ní Geneva, wọ́n sì fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá afínnà kan ní 1725. Ó ròyìn fúnra rẹ̀ pé ọ̀gá òun lu òun nígbà tí ó ká òun mọ́ ibi tí òun ti ń fín àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun, tí ó rò pé ayédèrú owó ni. Ní 1728 ó sá lọ. (Bí ọ̀gá náà bá ti ní sùúrù díẹ̀ sí i, bóyá ara aago ni à bá ti máa wá iṣẹ́ ọwọ́ Rousseau, kì í ṣe inú ìwé.)

Ẹni tí ó bá ti rí afíngbá lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ kò ní pẹ́ lóye iṣẹ́ yìí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú ni afínwúrà ń lò. Ìdí irin náà wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń tì í síwájú, ó sì ń fi ọwọ́ kejì yí aago náà nígbà tí ìlà bá ní láti tẹ̀. Bí ó bá tẹ irin mọ́lẹ̀, ìlà a fẹ̀. Bí ó bá dẹ ọwọ́, a tín-ín-rín. Bí irin bá sì yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, àbùkù dé nìyẹn, nítorí wúrà tí ó ti hó kúrò kò ṣe é dá padà. Nítorí èyí ni ìlà méjì kì í fi í jọra délẹ̀. Ọnà tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ a máa dọ́gba, etí rẹ̀ kì í sì í mú. Kí á má sì ṣe ṣì í pè mọ́ ìlà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí Abraham-Louis Breguet sọ di gbajúmọ̀ lójú aago ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí ni ó ń fa ìyẹn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918, aago ọkùnrin kúrò nínú àpò, ó bọ́ sí ọrùn ọwọ́. Àyè tí afínwúrà ní dínkù púpọ̀. Ẹ̀yìn aago, níbi tí ó ti fara kan ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìmoore wá fi ṣe ibùgbé.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Ní 1960, Grant Stockdale fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, John F. Kennedy, ní aago Omega kan tí ó jẹ́ wúrà, tí ó sì pẹlẹbẹ. Ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pe Kennedy ní Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì fi hàn pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Grant, ni ó ti wá. Wọn kò tíì dìbò nígbà náà! Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ tí a kọ ọ̀rọ̀ náà yóò rò pé oyè lásán ni ó ń kà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò rí i pé àdúrà ni, pé ìdánilójú sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ìwé ìròyìn tí ó lè fi bí ó ti rí lọ́kàn àwọn ọ̀rẹ́ Kennedy hàn wá tó bẹ́ẹ̀. Aago yìí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó búra gorí àga ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní, 1961. Ó fi Stockdale ṣe aṣojú ìjọba rẹ̀ ní ilẹ̀ Írẹ́láǹdì. Wọ́n pa Kennedy ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, 1963. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà, Stockdale já bọ́ láti orí ilé gíga kan ní Miami, ó sì kú. Ní 2005 ilé-iṣẹ́ Omega ra aago náà padà ní gbàǹjo ní 350,000 dọ́là, ó sì gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ní ìlú Biel. Wúrà ara aago pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan kan nínú iye yẹn.

Ṣùgbọ́n Kennedy ni ìyẹn. Bí orúkọ tí ó wà lẹ́yìn aago bá jẹ́ ti ẹni tí a kò mọ̀, àbùkù ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kà á sí. Wọn a ha á kúrò, wọn a sì dán ibẹ̀. Mo gbà pé ọjà ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn sí i. Èyí tí ó tún burú jù ni yíyọ́. Títí di 1971, 35 dọ́là ni iye tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lé áúnsì wúrà kan. Ní oṣù kìíní 1980 ó ti di 850 dọ́là lọ́jà. Láàárín àkókò kan náà ni aago ọwọ́ quartz oníbátìrì, tí Seiko kọ́kọ́ gbé wá sọ́jà ní ọjọ́ 25, oṣù kejìlá, 1969, sọ aago tí a ń wáyà di ohun àná. Ẹ̀rọ kò níyì mọ́, wúrà sì gbówó lórí: wọ́n yọ ẹ̀rọ dànù, wọ́n sì yọ́ ìyókù. Gbogbo orúkọ, gbogbo ọjọ́ ìgbéyàwó, gbogbo ìdágbére tí ó wà lára wọn ni ó bá iná lọ.

Àwọn tí a kàn dán, tí a kò yọ́, ṣì lè sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí irin bá ti wọlé jinlẹ̀ nígbà tí wọ́n fín in, ẹ gbé ẹ̀yìn aago náà sí ẹ̀gbẹ́ iná, kí ẹ sì rọra yí i. Ẹ lè rí òjìji lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta, àti nígbà mìíràn, ìdajì ọdún kan.