Àkúnlẹ̀yàn ni Àdáyébá

Ìtumọ̀: Ohun tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn lọ́run ni yóò bá láyé. Ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé Ọ̀rúnmìlà wà níbẹ̀ nígbà tí olúkúlùkù ń yan ìpín rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ẹni tí ó yàn án ti gbàgbé. Ẹlẹ́rìí kò gbàgbé.

Ìbéèrè: Bí ẹlẹ́rìí bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni yóò já sí, kí ni a tún ń ṣiṣẹ́ fún? Ọ̀lẹ a máa sọ pé, "Bí orí mi bá dára, n ó là láìlọ sóko, bí kò bá dára, oko kò lè mú mi là."

Ìtàn: Nínú ìtàn Ifá, Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń lọ yan orí nílé Àjàlá amọ̀kòkò. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tí ó wù wọ́n lójú. Àwọn orí náà kò dára. Òjò pa wọ́n lọ́nà, wọ́n sì bàjẹ́. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, ó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Ó fún oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀ ní iyọ̀. Ó fi owó san gbèsè Àjàlá. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló bá a mú orí tí ó lágbára.

Àlàyé: Orí burúkú kì í wú tuulu, ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Ọ̀rúnmìlà tí í ṣe ẹlẹ́rìí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó káwọ́ gbera. Ẹbọ náà ni ọ̀nà tí orí rere gbà dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí a ń ṣe wà nínú ohun tí ẹlẹ́rìí mọ̀. Ẹni tí kò bá gbin iṣu, ohun tí ẹlẹ́rìí ti mọ̀ nípa rẹ̀ náà ni pé kò gbìn ín.

Ìlò: A ń fi òwe yìí tu ẹni tí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ dé bá nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé tí ó sì fìdí rẹmi kò gbọdọ̀ fi í ṣe àwáwí. Àfọwọ́fà ni tirẹ̀, kì í ṣe àkúnlẹ̀yàn.