Iyè Inú Ìdènà Iná

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ẹni tó to gbólóhùn gbọọrọ kalẹ̀, tó ní òun ti sọ ohun èlò kan lórúkọ. Àlàyé nìyẹn. Ẹ wo bí "amóhùnmáwòrán" ṣe gún régé lẹ́nu. "Asọ̀rọ̀mágbèsì" náà dùn, síbẹ̀ rédíò ni wọ́n ń wí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún un ṣe ní Èrúwà.

"Ọgbọ́n àtọwọ́dá" ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀kọ́ jíjìn" fún deep learning ni mi ò gbà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ni yóò rò. Ìpele lórí ìpele ni ìṣirò inú rẹ̀ ń gbà kọjá: ẹ̀kọ́ onípele ni.

Fún irú ẹ̀kọ́ yìí, kọ̀ǹpútà ń kó nọ́ńbà láti ibi ìpamọ́ lọ síbi ìṣirò, kíkó yẹn sì lè jẹ iná ju ìṣirò gan-an lọ. Èlò kan tó ń jẹ́ memristor lè ṣírò níbi tó pa nọ́ńbà mọ́ sí. Àǹfààní yẹn ni mo pè ní ìṣúnálò: ṣún, iná, lò. Ẹni tó mọ ètò ìṣúná ìjọba kò ní béèrè kí ni "ṣún". Kí wọ́n tó ṣe èlò náà jáde, wọ́n a fi ìṣirò wò ó lórí kọ̀ǹpútà: àfìṣiròwò.

Memristor fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Onímọ̀ Leon Chua sọ ní 1971 pé ó yẹ kó wà. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ HP kéde ní 2008 pé àwọn ti rí i. Ìdènà iná ni, àmọ́ iná tó ti gba inú rẹ̀ kọjá ló ń pinnu bí yóò ṣe dènà tó, kì í sì í gbàgbé bí wọ́n bá pa iná. Àwọn kan lè fẹ́ "adènà arántí". Rárá o. Ẹni tí nǹkan ti lọ lọ́kàn rẹ̀ ló ń rántí. Iyè ló ń pa nǹkan mọ́. Òun náà ló wà nínú ìsọ̀yè tí wọ́n ń lò fún ọmọ tó ń kọ́ Ifá. Adènà oníyè ni tèmi.

"Memrístọ̀" rọrùn, mo gbà, ṣùgbọ́n kò lè bímọ fún wa. Iyè ń bímọ. Bí ìdènà náà bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, Yorùbá ti ní iyè rírá nílẹ̀. Ní ti kó ṣeé gbára lé, ìwà èlò ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé, ìwà èèyàn. Nítorí náà, ìṣeégbáralé. Wàhálà rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì: ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí Táyé àti Kẹ́hìndé, ìwà wọn kì í dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni adènà oníyè méjì tí wọ́n ṣe pọ̀; àfìṣiròwò sì gbọ́dọ̀ ka ìyàtọ̀ wọn kún.